Ojú Ọ̀run Ibi Tí A Ń Lọ: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ilé Tí Ń Múra Ìrìn-àjò

Nígbà tí ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé bá súnmọ́ etílé, tàbí tí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí ilé tí a kì í ti í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Baba a máa ṣírò owó ọkọ̀, ìyá a máa ronú oúnjẹ àti aṣọ, àwọn ọmọ a sì máa fi ìka ka ọjọ́. Ohun mẹ́ta ni olúkúlùkù sábà máa ń bèèrè: èló ni owó ọkọ̀, ta ni yóò gbà wá sílé, ọjọ́ wo ni a ó sì padà? Ìbéèrè mẹ́ta yìí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé ìbéèrè kẹrin wà, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kì í rántí títí wọn yóò fi dé ojú ọ̀nà. Òun náà ni pé, báwo ni ojú ọ̀run ti í máa rí ní ibi tí a ń lọ, àti ní gbogbo ọ̀nà tí ó wà láàrin, ní oṣù tí a fẹ́ lọ?

Ojú ọ̀run tí ó wà lókè òrùlé ara rẹ̀ ni ènìyàn máa ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jí ní Èkó tí ó sì rí i pé oòrùn ràn, kò tíì mọ ohunkóhun nípa Lọ́kọ́ja; ẹni tí òtútù kò sì mú rí ní Ìbàdàn kò tíì mọ bí òru ti í rí ní Jọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa náà wí pé ojú ọ̀run ibi tí à ń lọ ni à á wò kí a tó dá ọjọ́ ìrìn-àjò. Èyí ni a fẹ́ bá àwọn ilé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀fúùfù Méjì

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ọmọdé àti àgbà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ń mú òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn wá. Ẹ̀fúùfù méjì ni ó pín ọdún mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa. Èkíní ń fẹ́ wá láti gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun Àtìláńtíìkì. Ó kún fún ọ̀rinrin, òun ni ó sì ń gbé òjò wá. Èkejì ń fẹ́ wá láti àríwá òun ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó gbẹ, ó sì ru eruku, òun ni a ń pè ní ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Bí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fúùfù òkun a máa ti èkejì lọ sí òkè díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé ọ̀nà jíjìn ní ìhà àríwá ní oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà ẹ̀fúùfù aṣálẹ̀ a tún máa tì í padà wá sí etí òkun.

Nítorí èyí ni ilẹ̀ Yorùbá fi ń rí òjò lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ó sì ń le jù lọ ní oṣù kẹfà. Lẹ́yìn náà òjò a dẹwọ́ díẹ̀ ní àárín ọdún, èyí tí a ń pè ní ẹ̀ẹ̀rùn kékeré. Òjò àrọ̀kúrò a sì tún dé ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n ní Kánò àti Máídúgùri, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àkókò òjò wọn, oṣù kẹjọ gan-an ni ó sì ń le jù lọ. Ẹ wo ohun ìyanu: oṣù tí òjò Èkó ń sinmi ni òjò òkè ọya ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ kíkankíkan.

Ìwọ̀n òjò pẹ̀lú kò dọ́gba. Omi òjò tí ń rọ̀ ní Kàlàbá lọ́dún kan súnmọ́ 3,000 mílímítà. Ti Èkó ju 1,500 lọ. Ti Máídúgùri kò ju nǹkan bí 600 lọ. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé ẹni tí ó bá ti Èkó gba etí òkun lọ sí Lomé ní ilẹ̀ Tógò, ìrìn tí kò pé 300 kìlómítà, yóò bá ibi tí òjò ọdún kan kò pé 1,000 mílímítà. Etí òkun ibẹ̀ yà lọ́nà tí ẹ̀fúùfù òkun fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ju kí ó wọ ilẹ̀ lọ, omi òkun tí ó wà níbẹ̀ a sì máa tutù ní àárín ọdún, kì í sì í jẹ́ kí òjò ṣú dáadáa. Nítorí náà, àwọn ará wa tí wọ́n ní ẹbí ní Kútọnu tàbí ní Lomé, tí ìsinmi ọmọ wọn bọ́ sí oṣù kẹjọ, lè bá ojú ọjọ́ tútù àti ilẹ̀ gbígbẹ pàdé níbẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó lọ sí Jọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kan náà yóò máa fa aṣọ òjò wọ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn Tí Ó Ṣáájú Wa

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni èyí. Àwọn baba wa kì í dá ìnáwó ńlá sí àárín òjò bí ó bá ṣeé yẹ̀. Wọn a dúró kí iṣẹ́ oko dẹwọ́, kí odò fà, kí ojú ọ̀nà gbẹ, kí àlejò lè wá kí ó sì lè padà.

Ẹ sì rántí ìrìn-àjò orí odò Ọya. Ní ọdún 1841, àwọn ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti Ìlú Ọba wọ odò náà, Samuel Ajayi Crowther sì wà nínú àwọn tí wọ́n bá wọn lọ. Ibà kọlu àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà, ó sì pa èyí tí ó ju 40 lọ nínú wọn. Ní ọdún 1854, Crowther tún bá Dókítà Baikie lọ nínú ọkọ̀ tí a ń pè ní Pleiad. Oṣù keje, nígbà tí odò ń kún, ni wọ́n wọlé. Oṣù kọkànlá ni wọ́n jáde, kí omi tó fà kọjá ohun tí ọkọ̀ lè wọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n sì ń lo oògùn kuiníìnì ní gbogbo ọ̀nà. Kò sí òyìnbó kan tí ibà pa nínú wọn. Òótọ́ ni pé oògùn náà ni ó gba ẹ̀mí wọn là, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ti ka oṣù odò mọ́ oṣù ìrìn-àjò wọn, iyanrìn ni ìbá dá ọkọ̀ wọn dúró. Ìmúra àti àkókò ni ó jọ ṣe iṣẹ́ náà.

Oṣù Kẹjọ

Oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa fẹ́ràn jù fún ìrìn-àjò, nítorí àwọn ọmọ wà nílé, òjò sì máa ń dẹwọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀: oòrùn kì í mú, ewéko tutù yọ̀yọ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa tu ara. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn kékeré kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Ọdún mìíràn wà tí kì í hàn rárá. Ọdún mìíràn sì wà tí òjò a tètè padà pẹ̀lú agbára.

Àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí odò Ògùnpa kún kọjá ààlà rẹ̀, tí ó gbé ilé, tí ó gbé mọ́tò, tí ó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà: afárá wó, àwọn ọ̀nà já, ẹ̀mí tí ó ju 100 sì tún bá omi lọ. Ẹ kíyèsí ọjọ́ méjèèjì: ìparí oṣù kẹjọ ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ àlejò wà lọ́dọ̀ ẹbí, tí àwọn mìíràn sì ń múra àtipadà. Ẹni tí ó jẹ́ àlejò kò mọ ibi tí omi máa ń gbà. Kò mọ̀ pé ojú àgbàrá ni òun gbé mọ́tò òun sí. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ oṣù kẹjọ ni ẹ ó rìn, a gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ju ìparí rẹ̀ lọ, kí ẹ sì bi onílé yín léèrè bí omi ti ń ṣe ní àdúgbò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Odò Tí Ó Kún Lábẹ́ Oòrùn

Ohun kan wà tí ó máa ń tan arìnrìn-àjò jẹ, òun ni pé odò lè kún ní ibi tí òjò kò rọ̀. Ní Lọ́kọ́ja ni odò Ọya àti odò Bínúé ti pàdé. Omi tí ń dé ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ti rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn: ní òkè ọya àti ní ilẹ̀ Kámẹ́rúùnù. Bí ìdídò Lagdo tí ó wà lórí Bínúé ní Kámẹ́rúùnù bá sì kún tí wọ́n tú omi rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò gbà á.

Ní ọdún 2012, ìkún omi káàkiri Nàìjíríà pa ènìyàn tí ó ju 360 lọ. Ní ọdún 2022, ti ìgbà náà tún burú jù ú lọ: àwọn tí ó kú ju 600. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá mọ́lẹ̀, àwọn èrò ọkọ̀ àti àwọn awakọ̀ epo sì sun ojú ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ará wa láti ilẹ̀ Èkìtì, Oǹdó àti Kàbà ń gbà lọ sí Àbújá. Kò sí ohun tí ẹni tí ó wo ojú ọ̀run Adó-Èkìtì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà lè rí níbẹ̀ tí yóò fi mọ̀. Ìròyìn odò ni ìbá sọ fún un, kì í ṣe àwọsánmà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìrìn-àjò sí òkè odò láti àárín oṣù kẹsàn-án títí di òpin oṣù kẹwàá, kí ó bèèrè ipò odò kí ó tó san owó ọkọ̀, kí ó sì fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún ọjọ́ tí ó dá.

Ọyẹ́ àti Kérésìmesì

Nígbà tí òjò bá lọ tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn a rò pé ewu ti lọ. Òtítọ́ ni pé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni ọ̀nà wa ń gbẹ jù lọ, a kò sì rí ìgbà tí ó sàn jù ú fún ìrìn-àjò orí ilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ pẹ̀lú ní ẹrù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ eruku rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín òkè méjì kọjá pẹ̀lú ipá. Bí ó bá nípọn, ọkọ̀ òfúrufú kì í lè rí ojú ọ̀nà tí yóò bà sí, a ó sì dá ìrìn rẹ̀ dúró tàbí kí a sún un síwájú. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ni èyí sábà máa ń bọ́ sí. Ẹni tí ó ní ìgbéyàwó láti lọ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, kí ó má ṣe dúró de ọkọ̀ òfúrufú tí yóò gbéra ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an.

Ní ti ìlera, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn aláìlera inú ilé. Eruku ọyẹ́ a máa yọ ẹni tí ó ní ikọ́ fée lẹ́nu; òtútù rẹ̀ a sì máa ru ìrora sókè lára ẹni tí ó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde. Jọ́ọ̀sì wà lórí ilẹ̀ gíga tí ó tó 1,200 mítà. Lóru oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ìwọ̀n ooru ibẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju 15 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ọmọ tí a bí ní Èkó, tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan wà nínú àpótí rẹ̀, yóò jìyà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń lọ sí òkè ọya ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó bi dókítà léèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára yírùnyírùn, nítorí ìgbà gbígbẹ ni àrùn náà máa ń jà níbẹ̀. Ní ọdún 1996, ó pa ènìyàn tí ó ju 11,000 lọ ní Nàìjíríà.

Adùn Tí Ó Wà Nínú Ìgbà Kọ̀ọ̀kan

A kò kọ gbogbo èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ní adùn tirẹ̀, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ni yóò jẹ ẹ́. Ìṣàn omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí ó ní ipele méje, kì í dára tó bí ó ti í rí nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa; a ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí i. Ṣùgbọ́n òjò kan náà ni ó ń mú kí òkúta ibẹ̀ máa yọ̀, nítorí náà kí àwọn ọmọ kéékèèké má ṣe kọjá ipele ìsàlẹ̀. Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ, dára láti gùn ní ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá nípọn, ẹni tí ó làágùn dé orí rẹ̀ lè má rí nǹkankan bí kò ṣe kùrukùru. Oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀ tí eruku kò sì tíì dé, ni a rò pé ó yẹ ẹ́ jù. Ìsun Ìkògòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, a máa dùn mọ́ni jù lọ ní òwúrọ̀ títutù. Ní ti etí òkun Èkó àti Àgbádárìgì, ẹ lè jókòó lórí iyanrìn kí ẹ sì gba afẹ́fẹ́ ní ìgbàkúgbà, ṣùgbọ́n ní àárín ọdún, nígbà tí ìgbì ń ga, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wọ inú omi.

Fún Àwọn Ìyá àti Bàbá

Ìmọ̀ràn díẹ̀ ni a fi kún un. Èkíní, ẹ pe ẹni tí ẹ ń lọ bá lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ má ṣe bi í léèrè àlàáfíà nìkan. Ẹ bi í nípa òjò, odò, afárá àti ààbò ojú ọ̀nà. Èkejì, àjọ NiMet, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò ní ọdọọdún àti ti ojoojúmọ́. Ẹ máa fetí sí i. Ẹ̀kẹta, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò òjò, ìjì tí ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ a máa jà ní ọ̀sán tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹ gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, pàápàá bí ẹ ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, ẹ má sì ṣe wọ̀ ọ́ láìsí ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe gbé mọ́tò wọ inú àgbàrá. Omi tí ń ṣàn tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ lè gbé mọ́tò, kò sì sí ẹni tí ó lè rí ihò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, ohun tí ẹ ó dì sínú àpótí, ẹ dì í fún ibi tí ẹ ń lọ: aṣọ òjò àti àwọ̀n ẹ̀fọn fún ìgbà òjò, òrí, aṣọ òtútù àti omi mímu púpọ̀ fún ìgbà ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tí omi gbé lọ́nà kì í ṣe aláìgbọ́n. Ìnáwó ni ó ń lé wọn: òkú àgbà tí a ti dá ọjọ́ rẹ̀, ìgbéyàwó tí a ti san owó gbọ̀ngàn rẹ̀, aṣọ ẹbí tí a ti rán. Wọ́n rí omi, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí a wí pé wọn kò wá. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń dá ọjọ́ ìnáwó pé, kí ẹ tó kọ ìwé ìpè, kí ẹ ka ojú ọ̀run mọ́ àpò owó. Ẹ̀yin tí a sì pè, bí ọ̀nà bá kọ̀, ẹ padà sílé láìtijú. Ẹ̀yin onínàáwó, ẹ má ṣe bínú sí ẹni tí ó padà. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ẹni tí kò lè dé lónìí lè dé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó sì bá yín jẹun, kí ó sì bá yín rẹ́rìn-ín.

A kí gbogbo ilé tí ń múra ìrìn-àjò. Àlọ re, àbọ̀ re o.